Àjọgbé àti Ààtàn: Ohun tí Ìmọ̀ Àwùjọ Fi Hàn nípa Àyíká Abúlé Ẹ̀gbá

Àyíká tó tọ́jọ́ ni èyí tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lónìí ń lò láìba ti àwọn ọmọ wọn jẹ́. Onímọ̀ kẹ́míkà lè sọ ohun tó jò wọnú omi kànga tó wà nítòsí ààtàn. Onímọ̀ ẹ̀rọ lè sọ bí gọ́tà yóò ṣe jìn tó kí àgbàrá má baà wọlé. Síbẹ̀ ìbéèrè kan wà tí àwọn méjèèjì kò lè dáhùn: kí ló dé tí ẹni tó gbá iwájú ilé rẹ̀ mọ́ féfé láàárọ̀ ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú? Kò ṣàìmọ̀ pé gọ́tà náà yóò dí. Kò sì kórìíra ìmọ́tótó, nítorí ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìmọ̀ àwùjọ ni a ó ti rí ìdáhùn: ìmọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, bí wọ́n ṣe ń náwó, bí wọ́n ṣe ń ṣèlú àti ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀gbin.

Abúlé Ẹ̀gbá, ní agbègbè ìdàgbàsókè Agbádò/Òkè-Odò ní Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Ààtàn ńlá kan wà níbẹ̀, páìpù epo kọjá lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, gọ́tà rẹ̀ sì máa ń kún. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé gbòǹgbò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní: àwọn ènìyàn tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá ń gbé pọ̀, wọ́n sì jọ ń lo ilẹ̀, omi àti òpópónà, láìsí àdéhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ẹni tí yóò tọ́jú wọn àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Láti oko dé ìgboro

Orúkọ ibẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀: abúlé àwọn Ẹ̀gbá ni, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ilé wọ́n ní Erékùṣù àti Mushin, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ìhà Agége, Ìpájà, Abúlé Ẹ̀gbá àti Alágbàdo, níbi tí ọwọ́ ẹni tí kò lówó púpọ̀ ti lè tó ilẹ̀. Ọwọ́ ẹbí àti ọmọ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ra pulọ́ọ̀tì wọn, wọ́n sì kọ́lé díẹ̀díẹ̀ bí owó ṣe ń wọlé. Ilé ṣáájú òpópónà, kànga ṣáájú omi ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù, tó ti ń bu omi fún Èkó láti ọdún 1915, kò jìnnà sí ibẹ̀, àmọ́ kànga àti kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ agboolé gbójú lé títí di òní.

Ìkànìyàn ọdún 2006 fi bí ibẹ̀ ṣe kún tó hàn, ó sì tún fi ìjà kan hàn. Àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìjà yìí kan àyíká gan-an. Iye ènìyàn ni a fi ń mọ iye ọkọ̀ akólẹ̀ tí yóò wọ àdúgbò, iye ilé ìwòsàn tí a ó kọ́ àti owó tí yóò wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀. Àdúgbò tí a kò fẹnu kò lórí iye ènìyàn inú rẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ náà kò ní òǹkà tó dájú.

Àjọbí àti àjọgbé

Ní ọdún 1980, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akíwowo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ṣe ìpìlẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún gbogbo yunifásítì: àjọbí àti àjọgbé. Àjọbí ni ìdè ẹ̀jẹ̀, èyí tó so ọmọ baba kan pọ̀ nínú agbo ilé. Àjọgbé ni ìdè ibùgbé, èyí tó so àwọn tó wá láti oríṣiríṣi ilé pọ̀ nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ohun tó wú Akíwowo lórí ni pé èdè Yorùbá ti ní irinṣẹ́ tí onímọ̀ àwùjọ lè fi ronú, kí ó tó lọ yá ti àjèjì.

Ìgboro bíi Abúlé Ẹ̀gbá, àjọgbé ni. Nínú agbo ilé àtijọ́, tí Nathaniel Fadipe ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá tó jáde ní ọdún 1970, àáró àti ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ tó ju agbára ẹnì kan lọ, ẹni tó bá sì sá fún un mọ̀ pé ìtìjú ń dúró dè é nílé. Ìtìjú yẹn kì í tẹ̀ lé ènìyàn wọ ìgboro. Ẹni tó ti Ìjẹ̀bú, Ọ̀ṣun, Ìmó tàbí Kogí dé kò ní baálé kan tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ jọ ń bẹ̀rù.

Peter Ekeh, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ohun tó sún mọ́ èyí ní ọdún 1975. Ó ní ìjọba amúnisìn dá àwùjọ méjì sílẹ̀ nínú ayé ọmọ Áfíríkà. Ọ̀kan ni àwùjọ ìbílẹ̀, níbi tí ènìyàn ti ń mú owó wá, tí ó sì ń bẹ̀rù láti jalè. Èkejì ni àwùjọ ìjọba, níbi tí kò ti sí gbèsè kankan lọ́rùn ẹni, tí a sì lè mú nínú rẹ̀ láìtijú. Àwọn àgbà ti fi gbólóhùn kan kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba láàgùn. Ẹni tí kì í pa owó ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ jẹ, tó ń dáwó tún ààfin baba rẹ̀ ṣe, lè kọ̀ láti san owó ìdọ̀tí ní òpópónà tó ti gbé fún ogún ọdún. Ọmọlúàbí ni níbi méjèèjì lójú ara rẹ̀, nítorí pé ti ìlú rẹ̀ ni ó kà sí ti ara rẹ̀, ti òpópónà sì jẹ́ ti ìjọba.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà ti jiyàn lórí ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò. Ní ọdún 1968, Garrett Hardin sọ pé pápá tí gbogbo darandaran jọ ni yóò bàjẹ́ dandan, àfi tí ìjọba bá gbà á tàbí tí a bá pín in fún oníkálukú. Elinor Ostrom kó ẹ̀rí jọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ọdún 1990, ó sì fi hàn pé àwọn ará àdúgbò lè tọ́jú odò, igbó àti pápá fún ọgọ́rùn-ún ọdún bí wọ́n bá mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i, bí àwọn fúnra wọn bá ṣe òfin rẹ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, tí ìyà arúfin sì ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé ní ọdún 2009. Òfin tí Ostrom kọ sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣe àjọ tàbí èésú. Ohun tí Abúlé Ẹ̀gbá ń fẹ́ ni pé kí irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kúrò lórí owó nìkan, kí ó dé orí gọ́tà.

Ohun tí ààtàn jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti ohun tó dà

Mary Douglas, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ ní ọdún 1966 pé ohun tí kò sí ní ààyè rẹ̀ ni ènìyàn ń pè ní ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìrírí Yorùbá mu. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé àtijọ́ ní ààyè tirẹ̀: eérú, èèpo iṣu, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ àti ìgbálẹ̀ ni ó ń gbà. Ewúrẹ́ àti adìyẹ jẹ nínú rẹ̀, òjò sọ ìyókù di ilẹ̀dú, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì hù lórí rẹ̀. Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sẹ́yìn ilé nígbà náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Lónìí, ọ̀rá ni ó wé ẹ̀kọ, ọ̀rá ni omi wà nínú rẹ̀, ike sì ni ìgò. Ilẹ̀ kì í jẹ wọ́n, ewúrẹ́ tó bá gbé wọn mì lè kú. Àṣà dída nǹkan sílẹ̀ kò yí padà, ohun tí a ń dà ni ó yí padà. Ẹni tó bá ń pe aráàlú ní ọ̀bùn ti gbàgbé pé àṣà tí wọ́n ń tẹ̀ lé tọ̀nà fún irú ìdọ̀tí mìíràn. Wàásù lórí ìmọ́tótó kò lè tó bí kò bá ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn.

Ìjọba Èkó dá àjọ tó ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀ ní ọdún 1977. Ọdún 1991 ni ó di LAWMA. Àjọ náà máa ń sọ pé ìdọ̀tí Èkó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́. Ọkọ̀ àwọn aládàáni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PSP ni ó ń kó ti inú ilé, owó rẹ̀ sì ń wá ní ìwé gbèsè. Ibí yìí ni ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ti wúlò, ọ̀nà ìsanwó sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ará Abúlé Ẹ̀gbá ni owó wọn ń wọlé lójoojúmọ́: ìyá tó ń ta ata ní Ilé-Epo, ọlọ́kadà, bíríkìlà, télọ̀. Òṣooṣù ni gbèsè PSP ń dé. Ọlọ́mọlanke tó ń kó ìdọ̀tí kiri àdúgbò ń gba owó kékeré lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, lójú ẹsẹ̀, ní ọjọ́ tí ìdọ̀tí bá kún. Ìjọba ti fòfin de ọmọlanke lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń da ẹrù sí ojú àgbàrá àti àárín títì lóru. Síbẹ̀ wọn kò tán, nítorí pé ọ̀nà ìsanwó wọn bá ọ̀nà ìwọlé owó oníbàárà mu. Òfin tó lé ọlọ́mọlanke láìjẹ́ kí PSP máa gba owó lójoojúmọ́ ti lé ẹsẹ̀ tó ń rìn, ó sì fi àìní sílẹ̀ níbi tó wà.

Àkóbá ni ọ̀rọ̀ kejì. Bí ilé mẹ́sàn-án bá sanwó, tí ìkẹwàá da tirẹ̀ sí gọ́tà, ilé mẹ́wàá ni omi yóò wọ̀. Òwe kan ti ṣàlàyé rẹ̀: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe náà béèrè pé kí ẹnìkan lè sọ fún ẹnìkejì. Nínú àjọbí, ẹ̀gbọ́n lè sọ ọ́. Nínú àjọgbé, ẹni tó bá sọ ọ́ láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti di ọlọ́fòófó, ọ̀rọ̀ sì lè di ìjà.

Ibi tí ìdọ̀tí ń sùn ni ọ̀rọ̀ kẹta. Ààtàn Abúlé Ẹ̀gbá gba ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 10. Ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà, ààtàn Solous wà ní Ìgándò. Etí ìlú ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà nígbà tí a bá yàn án. Ìlú á dàgbà yí i ká, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan á ra ilẹ̀ tàbí yá ilé nítòsí rẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Robert Bullard ṣe irú ìwádìí yìí ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979, ó sì rí i pé àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìjọba ìlú náà kó àwọn ààtàn rẹ̀ lọ. Ní Èkó, awọ ara kọ́ ni ó ń pín in. Owó ilẹ̀ àti agbára láti dé ọ́fíìsì aláṣẹ ni. Èéfín ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta nígbà tó gbiná ní oṣù Kẹta ọdún 2018 kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí ìdọ̀tí wọn wà nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bóyá ìlú kan ń ṣe déédéé, kí a wo ẹni tó ń gbóòórùn ìdọ̀tí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ààtàn ni a kì í sábà kà mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣa ike, irin, páálí àti bàbà mọ iye tí ọjà ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ọkọ̀ tó ti àdúgbò olówó bọ̀, ọwọ́ wọn ni ohun àtúnlò sì ń gbà padà sí ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Wecyclers, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, mú irú ìmọ̀ yìí lò: kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kó ike àti agolo kiri ilé, onílé sì ń gba èrè lórí ohun tó kó jọ. Ní ìdàkejì, ní ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ gba ìdọ̀tí inú ilé lọ́wọ́ àwọn PSP, ó sì fi fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Kí ọdún 2018 tó parí, òkìtì ìdọ̀tí ti kún ojú títì, ìjọba tó wọlé ní ọdún 2019 sì dá iṣẹ́ padà fún PSP. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúwo. Ètò ìdọ̀tí kọjá ọkọ̀ àti garawa. Awakọ̀ tó mọ kọ̀rọ̀ àdúgbò, olùgbowó tí onílé mọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí a ti mọ́ra: a kì í fi ìwé àdéhùn tuntun kan rọ́pò gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Páìpù tó kọjá lábẹ́ ilé

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, páìpù epo bẹntiróòlù gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn olè ti lu páìpù náà lóru, wọ́n sì ti gbé tiwọn lọ. Àwọn ará àdúgbò ni iná bá níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ́ẹ̀gì àti garawa gbọ́n èyí tó ń ṣàn. Òkú tí àjọ Red Cross kà lé ní 260. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná kọjá dídámọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, páìpù tún gbiná ní àdúgbò kan náà, ẹ̀mí sì tún lọ.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé irú àjálù yìí ni pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Ìmọ̀ àwùjọ béèrè ohun mìíràn. Ọ̀wọ́n epo wà ní Kérésìmesì ọdún 2006, kẹ́ẹ̀gì kan sì lè di owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Olè tó ní ọkọ̀ ńlá àti irinṣẹ́ ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ní garawa ni ó kú. Ulrich Beck, onímọ̀ àwùjọ ará Jámánì, kọ ní ọdún 1986 pé ayé òde òní ń pín ewu fún ènìyàn bí ó ṣe ń pín ọrọ̀. Abúlé Ẹ̀gbá jẹ́rìí sí i. Epo inú páìpù náà ń lọ sí ìlú mìíràn, àǹfààní rẹ̀ kò dúró ní àdúgbò, ewu rẹ̀ ni ó dúró. Ilé ti dé etí páìpù nítorí pé ẹni tó ta ilẹ̀ kò sọ, ẹni tó rà á kò ní ibi tí yóò ti béèrè, ẹni tó yẹ kí ó fọwọ́ sí pílánù kò sì sí nítòsí.

Ìjẹ̀gùn, ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà, mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katakata tó ń ṣe ọ̀nà gé páìpù epo, iná sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọ iléèwé sì fara pa. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ojúkòkòrò. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà àti àwọn tó ni páìpù ni kò ní àdéhùn tó múná lórí ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń lò. Àìsí àjọgbé lè wà láàárín àjọ ìjọba méjì bí ó ṣe wà láàárín ilé méjì.

Òfin, ìbẹ̀rù àti ẹ̀tọ́

Láti ayé òyìnbó ni ìjọba ti ń fi ìbẹ̀rù ṣe ìmọ́tótó. Wolé-wolé a máa yọjú sí ìkòkò omi, yóò wá ìdin ẹ̀fọn nínú rẹ̀, ìyàwó ilé a sì máa sá pamọ́ bí ó bá rí i lókèèrè. Ní ọdún 1984 ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò WAI (War Against Indiscipline), láti ìgbà náà sì ni sanitéṣọ̀n Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ti di bárakú: títì pa, ènìyàn dúró sílé láti aago méje sí mẹ́wàá. Ilé ẹjọ́ sọ pé kò sí òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti dí aráàlú lọ́wọ́ ìrìn bẹ́ẹ̀, ìjọba Èkó sì dá a dúró ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yẹ kí a fiyè sí. Ní òpópónà tí ẹgbẹ́ onílé ti lágbára, ìgbálẹ̀ ń bá a lọ. Níbi tí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan ti ń gbé ìgbálẹ̀, ìbẹ̀rù lọ, ìgbálẹ̀ náà sì lọ.

Ìwé òfin ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Èkó, àjọ ìpínlẹ̀ ni ó di agbára náà mú. Nítorí náà ẹni tí gọ́tà rẹ̀ dí kò mọ ẹni tí yóò bi: káńsù ni, LAWMA ni, tàbí PSP? Bí ìdáhùn bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀bi kì í ní olórí. Irú èyí tún hàn nínú òfin ọdún 2024 tó de abọ́ fóòmù funfun tí a fi ń di oúnjẹ. Òfin náà tọ́, nítorí pé abọ́ yẹn wà lára ohun tó ń dí gọ́tà Èkó. Ṣùgbọ́n olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà tí èrè rẹ̀ kéré ni ìnáwó ìyípadà náà wúwo fún jù. Ewé ẹ̀ẹ̀ran, tí ilẹ̀ lè jẹ, ṣì wà ní ọjà. Òfin tó bá ran ẹni tó ń kó o wá láti oko lọ́wọ́ yóò rí ẹni tẹ̀ lé e ju òfin tó mọ ìtanràn nìkan lọ.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ohun mẹ́rin ni ó tẹ̀ lé àlàyé yìí. Èkíní, òpópónà kan ni ó yẹ kí ó jẹ́ ẹyọ tí a ń fi ka ìdọ̀tí, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) máa gba owó ní ìwọ̀n tí olówó ojúmọ́ lè san, kí ó sì máa ka ìṣírò rẹ̀ síta níwájú gbogbo ènìyàn bí a ti ń ka ti àjọ. Èkejì, kí a fi orúkọ àwọn ọlọ́mọlanke àti àwọn aṣàtàn sílẹ̀, kí òpópónà kọ̀ọ̀kan ní ọlọ́mọlanke tirẹ̀ tí ó mọ ibi tí PSP yóò ti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè rí àwòrán ojú páìpù ní káńsù, kí ilé ìjọsìn, iléèwé àti ọjà sì máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí ọ̀wọ́n epo tó dé. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tó ń gbé yí ààtàn ká ní ohùn nínú ìgbà tí a ó tì í, bí a ó ṣe bò ó àti ohun tí a ó fi ilẹ̀ náà ṣe.

Àtakò méjì ni ó tọ́ sí ìdáhùn. Wọ́n lè sọ pé ẹgbẹ́ onílé náà ń ni ayálégbé lára: onílé ń dìbò, ayálégbé ń sanwó. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tí yóò ṣe àkóso ìdọ̀tí fi gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìjókòó, nítorí pé àjọgbé ni ohun tí a ń tọ́jú, ayálégbé sì ń gbé níbẹ̀. Wọ́n tún lè sọ pé kò sí ìpàdé tó lè dá omi májèlé dúró lábẹ́ ààtàn. Òtítọ́ ni èyí náà: ààtàn ń fẹ́ ìtẹ́sílẹ̀ tí omi kò lè là kọjá, páìpù ń fẹ́ irin tó nípọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń pinnu ibi tí ìtẹ́sílẹ̀ náà yóò wà, ènìyàn ni ó ń lu irin, ènìyàn sì ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tó gbá iwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀ tí ó sì da ìdọ̀tí sí gọ́tà nígbà òjò ń sọ ibi tí ti òun parí sí. Ojú ilé rẹ̀ ni ààlà rẹ̀. Iṣẹ́ ìmọ̀ àwùjọ ní Abúlé Ẹ̀gbá ni láti wádìí bí ààlà náà ṣe lè sún síwájú, kí ó kọjá gọ́tà, kí ó dé òdìkejì òpópónà.